Ọwọ́ Tó Gan Lẹ́yìn Rọpárọsẹ̀: Ìtọ́jú Tí Kò Ti Inú Oògùn Wá

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlu àgbàlagbà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó wà ní apá kan ara rẹ̀ sábà máa ń rọ pátápátá, débi pé bí ẹlòmíràn bá gbé ọwọ́ náà sókè tó sì jọ̀wọ́ rẹ̀, wálẹ̀ ni yóò já. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀, nǹkan a máa yí padà lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí àrùn náà mú: ìgbọ̀nwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ká, ọrùn ọwọ́ á tẹ̀ sísàlẹ̀, àwọn ìka á di ìkúùkù, àtàǹpàkò á sì wọ abẹ́ wọn lọ, nígbà tí ẹsẹ̀ ní tirẹ̀ á nà gbọnran tí gìgísẹ̀ kò sì ní fẹ́ kanlẹ̀ mọ́. Inú àwọn ẹbí kan a máa dùn bí wọ́n bá rí i, nítorí wọ́n gbà pé okun ló ń padà sínú ọwọ́ tó ti kú. Ẹ̀rù a sì máa ba àwọn mìíràn, wọn a fi òrí tàbí àdí wọ́ ọwọ́ náà láàárọ̀ àti lálẹ́, wọn a sì máa fi agbára nà án. Ohun tí wọ́n ń bá jà ni gígan iṣan, tó máa ń tẹ̀ lé ìpalára ọpọlọ tàbí ti okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn, yálà rọpárọsẹ̀ ló fà á, tàbí jàǹbá ọkọ̀ tó kan orí, tàbí àìsàn multiple sclerosis tó ń jẹ èèpo ara àwọn okùn ìmọ̀lára. Oògùn wà fún un, èyí tí a ń gbé mì àti èyí tí a ń gún sínú iṣan, ṣùgbọ́n àròkọ yìí dá lórí ìtọ́jú tí kò ti inú oògùn wá, pàápàá èyí tó wà ní ìkáwọ́ àwọn tí iṣẹ́ wọn ń jẹ́ occupational therapy, tí a ó máa pè ní ìtọ́jú afiṣẹ́ṣe níhìn-ín.

Iṣan tí a ń sọ ni ẹran ara tó ń fa eegun láti mú oríkèé ká tàbí láti mú un nà. Nínú rẹ̀ ni àwọn fọ́nrán tín-ín-rín wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ṣọ́ bí iṣan náà ṣe ń nà tó. Bí ó bá nà lójijì, wọ́n á ránṣẹ́ sí okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn, èyí náà á sì pàṣẹ lójú ẹsẹ̀ pé kí iṣan náà fún ara rẹ̀ mọ́ra, láìdúró de ìmọ̀ràn ọpọlọ. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, ọpọlọ ló di ìjánu ìdáhùn yìí mú, tí kì í jẹ́ kí ó kọjá ààlà; nígbà tí rọpárọsẹ̀ bá ba ọ̀nà tí àṣẹ ọpọlọ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ jẹ́, ìjánu náà á tú, ọ̀pá ẹ̀yìn á sì máa dáhùn lágbára ju bó ti yẹ lọ. Ní ọdún 1980, James Lance, onímọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ṣe àpèjúwe kan tí àwọn oníṣègùn kò tíì pa tì títí di òní: ó ní gígan yìí máa ń pọ̀ sí i bí a bá ṣe ń yára na iṣan náà tó. Àǹfààní ìmọ̀ yìí fún ilé tí aláìsàn wà pọ̀ gan-an, nítorí ó ṣàlàyé ìdí tí ọwọ́ tí a bá fà pẹ̀lú ìkánjú fi máa ń bá ẹni tó ń fà á jìjàkadì, tó sì jẹ́ pé bí a bá rọra nà án, tí a ń sinmi díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà, yóò gbà.

Ohun kejì tún wà tí ojú lásán kò lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára ti àkọ́kọ́. Iṣan tó bá pẹ́ ní ipò kíká yóò kúrú ní ti gidi, ẹran tó yí oríkèé ká á sì le, èyí tí a lè pè ní ìsúnkì. Ní ọdún 1972, àwọn olùwádìí kan, tí Tabary wà lára wọn, gbé àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ológbò jáde: wọ́n fi POP, ohun funfun líle tí wọ́n fi ń di eegun tó ṣẹ́, di ẹsẹ̀ ológbò mọ́ ipò tí iṣan ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ ti kúrú, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìpín kéékèèké tó tò tẹ̀ léra wọn nínú iṣan náà ló pòórá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún padà nígbà tí a tú POP náà kúrò tí ẹsẹ̀ sì tún ń rìn. Ohun tí èyí kọ́ni ni pé iṣan a máa tún ara rẹ̀ kọ́ ní ìbámu pẹ̀lú ipò tí a bá fi í sí àti iṣẹ́ tí a bá fún un ṣe.

Nítorí pé ohun méjì yìí máa ń jọ rìn, olùtọ́jú gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan ọwọ́ aláìsàn kí ó tó mọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Òdiwọ̀n tí wọ́n ń lò jù ni èyí tí Ashworth gbé kalẹ̀ ní ọdún 1964, tí Bohannon àti Smith sì tún ṣe ní ọdún 1987, níbi tí 0 ti túmọ̀ sí pé iṣan kò gan rárá, tí 4 sì túmọ̀ sí pé oríkèé náà kò ṣe é ṣí mọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sọ bóyá ìdáhùn ọ̀pá ẹ̀yìn ni tàbí ìsúnkì. Ọ̀nà tí Tardieu, oníṣègùn ilẹ̀ Faransé, dá sílẹ̀ sàn díẹ̀ ní ti èyí, nítorí ó ní kí a kọ́kọ́ na ọwọ́ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dé ibi tó lè dé, kí a sì tún nà án kíákíá, kí a wá wo ibi tó ti kọ̀ nígbà kejì. Bí àlàfo tó wà láàárín ibi méjèèjì bá fẹ̀, ìdáhùn ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bí kò bá sì sí àlàfo tó tó nǹkan, iṣan ti sún kì.

Ìtọ́jú afiṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀ kò tíì pẹ́ jù láyé gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró. Oṣù Kẹta ọdún 1917 ni ènìyàn díẹ̀ péjọ ní ìlú Clifton Springs ní ìpínlẹ̀ New York láti dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ilé tí wọ́n sì ti péjọ jẹ́ ti George Barton, ayàwòrán ilé tí apá òsì ara rẹ̀ ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀ rí, tó sì ti fi iṣẹ́ ọgbà àti iṣẹ́ káfíńtà mú ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti gbà pé iṣẹ́ tó ní ìtumọ̀ fún ènìyàn lè wo ara àti ọkàn rẹ̀. Físíò, ìyẹn physiotherapist, àti olùtọ́jú afiṣẹ́ṣe jọ máa ń pàdé lórí aláìsàn kan náà, wọ́n sì ń ran ara wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí físíò ti ń gbájú mọ́ ìrìn, okun àti ìdúró, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kejì ń béèrè ohun tí aláìsàn fẹ́ padà lè ṣe nílé rẹ̀, níbi iṣẹ́ rẹ̀ àti láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ṣe ní Kánádà tí wọ́n fi ń bi í léèrè: aláìsàn á dárúkọ iṣẹ́ tó ń dùn ún jù pé kò lè ṣe, á fún bí ó ṣe ń ṣe é báyìí ní máàkì láti 1 sí 10, á sì fún ìtẹ́lọ́rùn rẹ̀ náà ní máàkì, wọn ó sì tún béèrè lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ẹnì kan á ní òun fẹ́ lè di bọ́tìnì, ẹlòmíràn á ní òun fẹ́ lè fọ abẹ́ abíyá òun láìsí ìrora, ẹnì kẹta á ní kí ọwọ́ òun lè di abọ́ mú nígbà tí òun bá ń fi èkejì ro àmàlà. Ìtọ́jú àwọn mẹ́ta yìí kò lè jọra, bí gígan ọwọ́ wọn tilẹ̀ dọ́gba lórí òdiwọ̀n Ashworth.

Ìdí nìyí tí olùtọ́jú tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò fi ní sọ pé gbogbo gígan ni kí a bá jà. Ẹlòmíràn wà tí ẹsẹ̀ tó gan yẹn gan-an ló fi ń dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga, tó sì jẹ́ pé bí a bá mú ẹsẹ̀ náà rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò ní lè dìde mọ́. Ó sì tún ṣe pàtàkì kí a mọ̀ pé gígan a máa pọ̀ sí i nítorí ohun tí kò sí nínú ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà rárá: àpò ìtọ̀ tó kún, àìrígbẹ́yà, àìsàn ojú ọ̀nà ìtọ̀, egbò tí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ dá sára, èékánná tó wọ ẹran, bàtà tó fún, òtútù, ìrora àti àìbalẹ̀ ọkàn. Bí ara tó ti ń rọ̀ bọ̀ bá ṣàdédé gan ju tẹ́lẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, irú àwọn nǹkan wọ̀nyí ni kí a kọ́kọ́ wá kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtifi kún oògùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni títọ́jú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ dáadáa ti mú ara rọ̀ ju ọ̀pọ̀ wákàtí ìwọ́ra lọ.

Ipò tí a fi ara sí ni apá tí ó rọrùn jù lọ láti ṣe nílé, tí wọ́n sì máa ń gbàgbé jù. Ẹni tó bá jókòó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí àga rírọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀, ti ń fi gbogbo iṣan ara rẹ̀ wá ọ̀nà láti má ṣubú, ọwọ́ tó gan á sì túbọ̀ ká mọ́ àyà. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sórí àga líle tí ìdí rẹ̀ jókòó dọ́gba, tí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, tí a sì gbé ọwọ́ náà lé ìrọ̀rí tàbí tábìlì níwájú rẹ̀, gígan náà sábà máa ń dín kù lójú ẹni. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí kan lábẹ́ èjìká àti apá kì í jẹ́ kí èjìká náà wọ́ sẹ́yìn. Èjìká ló yẹ kí a ṣọ́ra fún jù lọ. Ìwádìí kan tí Louise Ada àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ọsirélíà, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2005, fi hàn pé bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, tí a ń fi èjìká sí ipò yíyí síta fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóòjọ́ láìní í lára, ìsúnkì èjìká náà kò ní pọ̀ tó ti ẹni tí a kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Lọ́nà mìíràn, fífa apá tó rọ láti fi gbé aláìsàn dìde, tàbí fífi okùn àgbélékè gbé apá náà sókè pẹ̀lú agbára ọwọ́ kejì, ti sọ èjìká ọ̀pọ̀ ènìyàn di ibi ìrora tí kì í jẹ́ kí wọ́n sùn. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láti dìde, ìdí tàbí àyà rẹ̀ ni kí ẹ ti dì í mú.

Ọ̀rọ̀ nínà ọwọ́ àti ti sípílíǹtì gba àlàyé gígùn, nítorí ibẹ̀ ni ohun tí gbogbo ayé gbà gbọ́ àti ohun tí ìwádìí rí kò ti bára mu. Sípílíǹtì ni ohun líle, tí wọ́n sábà máa ń fi irú ike kan tí omi gbígbóná ń mú rọ̀ ṣe, tí olùtọ́jú máa ń mọ sí ìrísí ọwọ́ aláìsàn láti mú ọrùn ọwọ́ àti ìka dúró ní ipò nínà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é fún, kí wọ́n lè máa wọ̀ ọ́ sùn. Natasha Lannin, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ olùtọ́jú afiṣẹ́ṣe ní Ọsirélíà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá dán an wò lára àgbàlagbà 63, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2007: àwọn kan wọ èyí tó na ọrùn ọwọ́ sẹ́yìn, àwọn kan wọ èyí tó mú un dúró gbọọrọ, ọ̀wọ́ kẹta kò wọ nǹkan kan, èyí sì wáyé lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n wọn ọwọ́ wọn, sípílíǹtì kò fi ẹnì kankan sàn ju ẹni tí kò wọ̀ ọ́ lọ. Nígbà tó sì di ọdún 2017, Lisa Harvey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 49 jọ lábẹ́ ìdarí àjọ Cochrane, èyí tó máa ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò káàkiri ayé, wọ́n sì rí i pé bí a bá ń na iṣan àwọn tí ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ní ìpalára, yálà pẹ̀lú ọwọ́, sípílíǹtì tàbí POP, fún àkókò tí kò tó oṣù méje, oríkèé wọn kì í fi ju nǹkan bíi dígírì méjì lọ ṣí sí i, èyí tí ẹni tó ni ọwọ́ náà kò lè mọ̀ lára.

Ìròyìn yìí kò dùn mọ́ ọ̀pọ̀ olùtọ́jú nínú, ó sì yẹ kí ó dun ẹni tó ti ń fi wákàtí méjì wọ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́. Síbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé kí a kó gbogbo rẹ̀ dà nù. Ọwọ́ tí a kò ṣí rárá yóò pa dé, àtẹ́lẹwọ́ á máa rùn, èékánná á sì dá egbò síbẹ̀. Fún irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, sípílíǹtì tàbí aṣọ rírọ̀ tí a ká roboto ń dáàbò bo awọ ara. Wíwọ́ ọwọ́ pẹ̀lú òrí a máa mú ìrora dín kù, a sì máa jẹ́ kí aláìsàn mọ̀ pé a kò kọ òun sílẹ̀, èyí tí kò ṣe é fojú kéré. Àwọn ẹgbẹ́ olùtọ́jú afiṣẹ́ṣe àti físíò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 2015 lórí sípílíǹtì fún àwọn àgbàlagbà, wọ́n sì ní kí a má máa ṣe é fún gbogbo ẹni tó bá ṣáà ti wọlé, kí olùtọ́jú kọ ohun tó ń retí sílẹ̀, kí ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń ṣẹ. POP tí a ń tún dì léraléra, tí a ń tú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan kí a lè na oríkèé sí i díẹ̀ kí a tó tún un dì, ní àyè tirẹ̀ pẹ̀lú, pàápàá fún ìgbọ̀nwọ́ tàbí ọrùn ẹsẹ̀ àwọn tí orí wọn ní ìpalára ńlá, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe nìkan ló gbọ́dọ̀ ṣe é, nítorí ẹni tí kò mọ ìrora lára apá náà lè ní egbò lábẹ́ POP kó má mọ̀. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí a fi nínà nìkan gba gbogbo àkókò tí à bá fi kọ́ ọwọ́ náà níṣẹ́.

Iṣẹ́ ni ibi tí ìmọ̀ ti yí padà jù. Ní àárín ọ̀rúndún ogún, Berta Bobath àti ọkọ rẹ̀ Karel, tí wọ́n sá lọ sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù, kọ́ni pé gígan ni olórí ọ̀tá, pé a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú un rọ̀, àti pé bí aláìsàn bá lo agbára púpọ̀, yóò túbọ̀ gan. Iṣẹ́ wọn ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ láti fi sùúrù bá aláìsàn lò, ṣùgbọ́n nítorí ẹ̀kọ́ yìí, ọ̀pọ̀ ni kò jẹ́ kí aláìsàn gbé nǹkan tó wúwo rárá. Nígbà tí a wá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, a rí i pé ìdárayá tó ń fún iṣan lókun kì í mú gígan pọ̀ sí i lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, àti pé àìlókun ló ń dí ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́ iṣẹ́ ju gígan lọ. Ẹni tí ìka rẹ̀ ká nítorí gígan, tí a bá fi oògùn tú u sílẹ̀, kò ní lè fi ìka náà gbé ife bí iṣan tó ń ṣí ọwọ́ kò bá ní okun. Àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ fún gígan náà nílò ìkọ́ṣẹ́ yìí lẹ́yìn abẹ́rẹ́, nítorí abẹ́rẹ́ ń ṣínà sílẹ̀ fún oṣù díẹ̀ péré ni, iṣẹ́ tí a bá ṣe láàárín oṣù wọ̀nyẹn ló ń kù sí ọwọ́ ẹni.

Ìtọ́jú tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù lọ níhìn-ín wá láti ọ̀dọ̀ Edward Taub, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá tó ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Alabama ní ìlú Birmingham ní Amẹ́ríkà. Ó ti ṣàkíyèsí lára ọ̀bọ pé ẹranko tí apá kan rẹ̀ kò mọ nǹkan lára mọ́ á pa apá náà tì, á máa fi èkejì ṣe gbogbo nǹkan, àmọ́ bí a bá de èyí tó dá, yóò padà máa lo èyí tó ti pa tì. Ó rò ó pé àwọn ènìyàn náà lè ti kọ́ ara wọn láti má lo ọwọ́ kan. Láti inú èrò yìí ni wọ́n ti dá ìtọ́jú kan sílẹ̀ tí aláìsàn á fi wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn sí ọwọ́ tó dá fún èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò tó fi lajú, tí á sì máa fi ọwọ́ aláìlera ṣe iṣẹ́ gidi lọ́pọ̀ wákàtí lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwádìí EXCITE, tí Steven Wolf jẹ́ aṣáájú rẹ̀, tí wọ́n sì gbé jáde ní ọdún 2006, dán an wò lára ènìyàn 222 tí rọpárọsẹ̀ ti mú láti oṣù mẹ́ta sí mẹ́sàn-án ṣáájú, àwọn tó gba ìtọ́jú náà sì lo ọwọ́ wọn dáadáa ju àwọn yòókù lọ títí di ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ló lè gbà á: aláìsàn gbọ́dọ̀ lè gbé ọrùn ọwọ́ àti ìka rẹ̀ sókè díẹ̀ fúnra rẹ̀, ara rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dúró dáadáa kí ó má baà ṣubú nígbà tí ọwọ́ tó dá wà nínú ìbọ̀wọ́.

Fún ilé tí kò lè rí olùtọ́jú lójoojúmọ́, ọ̀nà tí Janice Eng àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà ní ìlú Vancouver ní Kánádà bá ìgbé ayé mu jù. Wọ́n kọ iṣẹ́ sínú ìwé ní ìpele ìpele, wọ́n kó ohun èlò tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lé aláìsàn lọ́wọ́, wọ́n sì ní kí òun àti ẹbí rẹ̀ máa ṣe é fún wákàtí kan lóòjọ́, lọ́jọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ènìyàn 103, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2009, ọwọ́ àwọn tó ṣe é sàn ju ti àwọn tí wọ́n fún ní ìwé ẹ̀kọ́ lásán lọ. Kò sí ìdí tí iṣẹ́ inú ilé Yorùbá kò fi lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ṣíṣa ẹ̀wà, bíbó ẹ̀gúsí, kíká aṣọ tó ti gbẹ, nínu tábìlì pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lórí àkísà kan, títo owó ẹyọ, ṣíṣí ìdérí agolo mílíìkì. Ohun tó ń sọ wọ́n di ìtọ́jú ni pé kí iṣẹ́ náà nira díẹ̀ ju ohun tí aláìsàn ti lè ṣe lọ, kí ó sì ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, kí ìka tó fẹ́ ká máa ní ìdí láti ṣí.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè mira rárá ṣì lè fi dígí bẹ̀rẹ̀. A ó gbé dígí sí àárín ọwọ́ méjèèjì, tí ọwọ́ aláìlera á wà lẹ́yìn rẹ̀, aláìsàn á sì máa wo àwòrán ọwọ́ tó dá nínú dígí bí ó ti ń ṣí tó sì ń pa dé, tí ojú rẹ̀ á fi máa sọ fún ọpọlọ pé ọwọ́ kejì ló ń ṣiṣẹ́. Àkójọpọ̀ Cochrane ti ọdún 2018, tó wo ìwádìí 62, rí i pé ó ń mú ìgbòkègbodò ọwọ́ sàn díẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná díẹ̀ ta iṣan tó ń ṣí ọwọ́ jí náà wà, ó sì wúlò bí a bá lò ó nígbà tí aláìsàn ń gbìyànjú láti ṣe iṣẹ́ gan-an. Fífi omi lílọ́ wẹ̀ ní tirẹ̀ a máa mú ara rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, èyí tó jẹ́ kí àkókò lẹ́yìn ìwẹ̀ dára fún ìdárayá.

Ọwọ́ mìíràn wà tí kò ní padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì jẹ́ ojúṣe olùtọ́jú láti sọ òtítọ́ yìí pẹ̀lú àánú, kí ó má sì fi aláìsàn sílẹ̀ síbẹ̀. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ṣì nílò ìmọ́tótó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí i kò gbọ́dọ̀ fa orí ìka. Kí ó kọ́kọ́ tẹ ọrùn ọwọ́ sísàlẹ̀ díẹ̀, èyí tí á mú kí ìka dẹ̀, kí ó gbé àtàǹpàkò jáde láti ìdí rẹ̀, kí ó wá rọra ṣí àwọn ìka yòókù, kí ó fọ àtẹ́lẹwọ́, kí ó nu ún gbẹ, kí ó sì gé èékánná. Ní ti aṣọ wíwọ̀, apá tó gan ni kí a kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ fún, òun náà ni kí a bọ́ kẹ́yìn. Bùbá tí ọrùn rẹ̀ fẹ̀ tí kò sì ní bọ́tìnì rọrùn ju ṣẹ́ẹ̀tì lọ, rọ́bà ní ìbàdí ìró kò sì jẹ́ kí obìnrin nílò ọwọ́ méjì láti ró o. Pákó tí a kan ìṣó méjì mọ́ lè di iṣu mú fún ẹni tó ń fi ọwọ́ kan bẹ iṣu, aṣọ tútù lábẹ́ abọ́ kì í sì jẹ́ kí abọ́ sá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ìwé ilẹ̀ òkèèrè kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà, tó sì wúwo gan-an láàárín Yorùbá. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá jẹ́ èyí tó gan, ọwọ́ òsì ló kù tí ènìyàn yóò fi jẹun, tí yóò fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, tí yóò fi san owó lọ́jà. Àgbàlagbà tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé ìwà àfojúdi ni kí ènìyàn na ọwọ́ òsì sí ẹlòmíràn lè yàn láti má jáde mọ́ nítorí èyí, tàbí kí ó máa dúró de ẹni tí yóò fún un lóúnjẹ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ lè jẹun. Olùtọ́jú tó bá mọ àṣà á bá a sọ ọ́ ní gbangba, á sì bá ẹbí sọ ọ́, nígbà mìíràn á kọ́ ọ bí yóò ṣe gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ti òsì kí méjèèjì lè jọ gba nǹkan, èyí tó jẹ́ ọ̀wọ̀ tó sì tún jẹ́ ìdárayá fún ọwọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá Mùsùlùmí wá ọ̀nà tí yóò fi ṣe àlùwàlá lórí àga, tí wọ́n sì ń bá ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò ká mọ́ wá bí yóò ṣe kí àgbà láìṣubú.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ yìí wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe é kò pọ̀ tó. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ń kọ́ wọn ní ẹ̀ka ìmúbọ̀sípò rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kan sì ti wà fún un ní Oshòdì ní ìlú Èkó. Ẹbí tó bá mú aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lè béèrè fún wọn ní pàtó, nítorí bí a kò bá béèrè, físíò nìkan ni wọ́n lè darí wọn sí. Kí wọ́n sì béèrè pé kí olùtọ́jú náà kọ́ ẹnì kan nínú ilé, kí ó jẹ́ kí onítọ̀hún ṣe é níwájú òun, kí ó sì fún wọn ní ọjọ́ tí wọn ó padà wá, kí ètò náà lè máa yí padà bí ọwọ́ ti ń yí padà. Oògùn tí dókítà bá ti kọ kò gbọ́dọ̀ dúró nítorí ìtọ́jú yìí àyàfi bí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó máa ń ṣòro jù fún ọmọ tó fẹ́ràn òbí rẹ̀ ni kí ó jókòó ti bàbá tàbí ìyá tó ń lo ogún ìṣẹ́jú láti wọ bùbá tí òun ì bá wọ̀ fún un ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n inú ogún ìṣẹ́jú yẹn ni ìgbọ̀nwọ́ ti ń nà, tí èjìká ti ń yí, tí ìka ti ń wá ọ̀nà láti di etí aṣọ mú.